Bí A Ṣe Ń Kó Ìran Ewé Oògùn Pamọ́, Tí A Sì Ń Kọ Ọ̀kọ̀ọ̀kan Wọn Sílẹ̀

Bí ènìyàn bá jí lọ sí ọjà Bódè ní Ìbàdàn, tí ó ra ẹfinrin ńlá lọ́wọ́ ẹlẹ́wé-ọmọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó sì rún ewé ìdì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ kí ó tó gbé e sí imú, ó ṣeé ṣe kí òórùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má bá ara wọn mu. Ọ̀kan lè máa ta sánsán bíi kànáfùrù, èkejì lè máa ta bíi oògùn tí a fi ń fọ ẹnu, kí ẹ̀kẹta sì wà láàárín méjèèjì. Ìyá tó ń tà á yóò sọ pé ẹfinrin ni gbogbo wọn, òótọ́ ni ó sì sọ. Onímọ̀ ewéko yóò pe gbogbo wọn ní Ocimum gratissimum, òun náà kò purọ́. Síbẹ̀, òróró èyí tó ń ta bíi kànáfùrù kún fún èròjà eugenol, èyí tí kànáfùrù fúnra rẹ̀ ní lọ́pọ̀lọpọ̀, nígbà tí òróró èyí tó jọ oògùn ìfọnu kún fún thymol. Ilẹ̀, òjò àti àkókò tí a já ewé lè yí òórùn padà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yìí wá láti inú àbùdá tí ewé jogún, bí ọmọ ṣe ń jogún imú bàbá rẹ̀.

Irú ìyàtọ̀ àjogúnbá bẹ́ẹ̀, tó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ni ìlànà yìí dá lé lórí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdé tí wọ́n kọ orúkọ ewé igba sínú ìwé, tí wọ́n sì gbà pé àwọn ti kó ewé ilẹ̀ Yorùbá pamọ́. Orúkọ ni wọ́n kó pamọ́. Bí olóko kan bá ta ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé, tí katapílà sì hú ẹfinrin olóòórùn kànáfùrù tí ìyá rẹ̀ àgbà gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, ẹfinrin yóò ṣì kún ọjà Bódè fọ́fọ́ lọ́jọ́ kejì, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ìran kan ti run. Ní ti oúnjẹ, àwọn onímọ̀ kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí: ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn, àkójọ ẹ̀wà tó ju 15,000 lọ ni wọ́n tọ́jú sínú yàrá tútù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀wà tó lè kojú kòkòrò kan lè jẹ́ èyí tó kù sí abúlé kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹ̀wà ni mo fẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe lè ṣe é fún ewé, yálà ẹgbẹ́ onísègùn kan ni yóò ṣe é, tàbí ilé-ẹ̀kọ́, tàbí ẹni tó ní ọgbà ewé lẹ́yìn ilé rẹ̀.

Ewé wo ni a ó kọ́kọ́ mú, ta ni a ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀

Ẹ má ṣe fi ọgọ́rùn-ún ewé bẹ̀rẹ̀. Ewé márùn-ún tí a kó tinútòde ṣàǹfààní ju ọgọ́rùn-ún tí a kó gààrà lọ. Àwọn tí mo máa ń fi síwájú ni àwọn tí a kò lè rí oògùn wọn láìpa igi náà lára. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rauvolfia vomitoria, ni àwọn onísègùn máa ń wú fún ìtọ́jú wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru, èròjà reserpine tó wà nínú rẹ̀ sì ni àwọn dókítà òyìnbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún àìsàn méjèèjì ní àwọn ọdún 1950. Orúkọ rẹ̀ sọ pé ẹyẹ ni ó ń so fún kí ó jẹ, ṣùgbọ́n igi tí a ti wú gbòǹgbò rẹ̀ kò ní so fún ẹyẹ mọ́. Inú ewu kan náà ni orin àtà wà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ni a ń fi rin ẹnu tí a sì ń fi se àgbo. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni mo máa ń ka àwọn igi tó ń pẹ́ kí wọ́n tó so, bíi orógbó, tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ohun ẹlẹ́mìí, ti kà mọ́ àwọn igi tó lè run. Dóńgóyárò kò sí nínú ìwé tèmi. Éṣíà ni wọ́n ti gbé e wá, ó ń hù létí títì fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń lé e.

Kò sí ilẹ̀ tí kò ní olúwa. Kí a tó já ewé kan, olóko gbọ́dọ̀ mọ̀, baálẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, bí ó bá sì jẹ́ igbó ọba, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni yóò fún wa ní ìwé àṣẹ. Igbó àìròkò ní òfin tirẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ní irú ewéko tó ju 400 lọ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 75, a sì mọ iye tó ju 200 nínú wọn fún oògùn. Àwọn àwòrò àti àwọn ará ìlú ni wọ́n ti ń dáàbò bo igbó náà kí àjọ kankan tó gbọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá yọ́ wọ ibẹ̀ lọ já irúgbìn láìgbàṣẹ, olè ni, bí ó tilẹ̀ gbé ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́.

Ìmọ̀ tó wà lórí ewé náà ní olúwa. Àdéhùn àgbáyé lórí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1992, àti Ìlànà Nagoya tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2010 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, béèrè pé kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ìmọ̀ kí a tó lò ó, kí wọ́n sì ní ìpín nínú èrè tó bá ti ibẹ̀ jáde. Ní ìṣe, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kí a kọ àdéhùn kan tí kò gùn, ní èdè Yorùbá, kí a kà á sí etí bàbá tàbí ìyá tó ń fi ewé hàn wá, kí wọ́n sọ èyí tí a lè gbé sí gbangba àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ jáde. Bí wọ́n bá ní ewé yìí wà fún ibà, ibà ni kí a kọ. Bí wọ́n bá dákẹ́ lórí ohun tí a ń gún mọ́ ọn àti ọfọ̀ tí a ń pè sí i, kí àwa náà dákẹ́. Irúgbìn kò nílò ọfọ̀ kí ó tó wà láàyè nínú ìgò.

Lójú oko

Ẹrù tí a ó gbé kò pọ̀: àpò bébà ti ọlọ́jà, ọ̀bẹ, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti pákó pẹlẹbẹ méjì tí a ó fi tẹ ewé, fóònù tó lè sọ ibi tí a dúró sí, ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn líle, àti pẹ́ńsù. Mo tẹnu mọ́ pẹ́ńsù nítorí ohun tí ojú mi rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bíró ni mo fi kọ ara gbogbo àpò. Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, ọ̀rinrin wọ inú ẹrù, nígbà tí mo sì tú u sílẹ̀ nílé, àpò mọ́kàndínlógún ni mo bá tí yíǹkì ti di àbàwọ́n lára wọn. Irúgbìn inú wọn dára, ó gbó, kò sí kòkòrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tó ti ìlú kan wá yàtọ̀ sí òmíràn mọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo sì dànù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ara àpò, tí mo sì tún ń kọ ọ́ sí bébà kékeré kan tí mo ń fi sínú àpò náà. Nílé, nígbà tí a bá ń da irúgbìn láti inú ohun kan sí òmíràn, bébà inú yìí ni ó ń bá irúgbìn lọ.

Irúgbìn igi kan kò lè ṣojú fún igbó. Marshall àti Brown, àwọn onímọ̀ méjì kan, ṣe ìṣirò ní 1975 pé bí a bá mú irúgbìn lára nǹkan bí 50 sí 100 igi ní ibì kan láìṣojúsàájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé a ó ti kó àwọn àbùdá tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ tán. Láìṣojúsàájú ni ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù. Ọwọ́ a máa fẹ́ lọ sí ara èyí tó tutù yọ̀yọ̀, tó ga, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, bẹ́ẹ̀ èyí tó rán tó sì le lórí àpáta lè jẹ́ èyí tó mọ bí a ṣe ń fara da ọ̀dá. Nítorí náà, ẹ rìn gba inú oko kọjá láti ìkángun kan dé ìkejì, kí ẹ máa mú irúgbìn lára èyí tó bá súnmọ́ yín jù lọ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ewé mẹ́fà péré ló bá wà níbẹ̀, lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni kí ẹ ti mú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́fà ni. Ẹ má ṣe mú ju ìdá kan nínú márùn-ún irúgbìn tó gbó lọ, kí ilẹ̀ náà lè ní tirẹ̀. Ní ti igi ńlá, irúgbìn ìyá igi kọ̀ọ̀kan ni a ó fi sínú àpò tirẹ̀, kí igi kan sì jìnnà sí èkejì tó 50 mítà, nítorí àwọn tó wà nídìí ara wọn sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìyá.

Koríko ọba yàtọ̀ pátápátá. Kì í sábà yọ òdòdó lọ́dọ̀ wa. Ìdí rẹ̀ ni a ń ya tí a ń gbìn. Gbogbo koríko ọba tó wà ní àdúgbò kan, láti ilé onígbàgbọ́ dé ilé onímàle, lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí àwọn ìyàwó ilé ti ń ya fún ara wọn láti ọdún pípẹ́. Bí a bá mú àádọ́ta ìdì níbẹ̀, ẹyọ kan náà ni a mú nígbà àádọ́ta. Ìbéèrè tó wúlò ni, «Ẹ jọ̀wọ́ mà, ta ló fún yín ní èyí tí ẹ gbìn?» Bí ìdáhùn gbogbo ilé bá padà sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan náà, ìdì kan ti tó. Bí ẹnì kan bá sọ pé òun mú tòun wá láti Kétu, tàbí láti ìlú ọkọ òun, ó di ìdì kejì. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni kí a fi ṣe ọ̀nà fún jínjà náà.

Orúkọ ni kí a kọ bí a ti gbọ́ ọ gan-an. Ẹ má ṣe tún orúkọ tí ará Èkìtì tàbí ará Ìjẹ̀bú sọ fún yín ṣe kí ó lè bá ti Ọ̀yọ́ mu. Ẹ bi ènìyàn méjì sí mẹ́ta, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ Yorùbá máa ń rìn jìnnà ju ewé tó ń jẹ́ ẹ lọ: ewé tí à ń pè ní ọ̀dúndún níhìn-ín ni Kalanchoe crenata, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ kan, Kalanchoe brasiliensis, ni ó gba orúkọ náà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé ní Brazil. Ẹni tó bá fi orúkọ nìkan wá ọ̀dúndún yóò da méjèèjì pọ̀. Ohun tó ń yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí ni ewé títẹ̀.

Ewé títẹ̀

Fún àkójọ kọ̀ọ̀kan, ẹ já ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó tàbí èso, tó lè dùbúlẹ̀ sórí bébà tó gùn tó 42 sẹ̀ntímítà tó sì fẹ̀ tó 29. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ yí ewé kan ó kéré tán padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, ẹ fi pákó há a, ẹ dè é, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Àwọ̀ òdòdó àti òórùn ewé kì í dúró lára ewé gbígbẹ, nítorí náà lójú oko ni kí a ti kọ wọ́n. Tí a bá fẹ́ mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, a lè gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ ewé gbígbẹ tí wọ́n ń fi FHI ṣe àpèjá rẹ̀, ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, níbi tí ewé gbígbẹ tó ju 100,000 lọ wà tí a lè fi tiwa wé.

Ìwé àkọsílẹ̀

Nọ́ńbà ni ẹ̀mí àkójọ. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá mú irúgbìn ewé kan ní ibì kan ní ọjọ́ kan, ó gba nọ́ńbà kan tí òmíràn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ títí ayé, bí àkójọ náà tilẹ̀ kú lẹ́yìn ọdún kan. A kì í fún ọmọ tuntun ní nọ́ńbà òkú. Ẹfinrin tí a mú lónìí ní Ìsẹ́yìn àti èyí tí a mú lọ́dún tó ń bọ̀ ní oko kan náà ní Ìsẹ́yìn, nọ́ńbà méjì ni wọ́n. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe ènìyàn bíi kí ó da wọ́n pọ̀ sínú ìgò kan, pàápàá bí irúgbìn ọ̀kan bá kéré. Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Ohun tí a bá yà sọ́tọ̀ ṣeé dà pọ̀ nígbàkígbà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ṣa irúgbìn ẹfinrin méjì tó ti dàpọ̀ kúrò lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ìwé kan hàn yín, bí ó ṣe yẹ kí ó rí nígbà tí a bá kọ ọ́ tán:

Nọ́ńbà: EW-0037
Orúkọ tí a gbọ́: ẹfinrin ńlá (ènìyàn méjì), ẹfinrin olóòórùn (ẹnì kan)
Orúkọ onímọ̀: Ocimum gratissimum, ẹni tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣe é
Ọjọ́ tí a mú un: 14 oṣù kọkànlá
Ibi: ẹ̀yìnkùlé ní abúlé, ìjọba ìbílẹ̀, ìpínlẹ̀, ìwọ̀n tí fóònù sọ, pẹ̀lú bí ilẹ̀ ṣe ga tó
Ibi tó ti hù: ọgbà ilé, ilẹ̀ dúdú, abẹ́ ìbòòji ọ̀gẹ̀dẹ̀; wọ́n gbìn ín
Iye tí a rí, iye tí a mú: 23, 23
Ohun tí ojú àti imú rí: igi rẹ̀ pupa rúsúrúsú, irun wà lẹ́yìn ewé, òórùn bíi kànáfùrù
Ìlò tí a gbà wá láyè láti kọ: inú rírun, ọbẹ̀
Ewé títẹ̀: ó wà. Ewé fún DNA: ó wà
Àṣẹ: ìwé àdéhùn nọ́ńbà 12

Àwọn ilé ìpamọ́ irúgbìn káàkiri àgbáyé ní àtòkọ àwọn ìbéèrè kan tí wọ́n jọ ń lò, tí àjọ FAO àti Bioversity ṣètò, kí ìwé ilé kan lè bá ti òmíràn mu. Ẹni tó bá ń kọ tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yóò jàǹfààní bí ó bá mú kí àwọn orí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá àtòkọ náà mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni kí ó ní òpó tirẹ̀. Ẹ má ṣe kó ìlú, ọjọ́ àti orúkọ sínú àpótí kan náà. Bí igi náà bá ṣọ̀wọ́n tí àwọn tó ń wú gbòǹgbò sì ń wá a kiri, ẹ fi ìwọ̀n ibi tó wà sínú ìwé tí ẹ kò fi síta, kí èyí tó wà ní gbangba máà kọjá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn kan gbà pé gbogbo ìmọ̀ ló yẹ kí ó wà ní gbangba. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti padà sí ìdí asofẹ́yẹjẹ kan tí mo bá kòtò níbẹ̀.

Gbígbẹ àti ìpamọ́ irúgbìn

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ooru ni èkejì. Harrington, onímọ̀ irúgbìn kan, fi òfin kan lélẹ̀ tó rọrùn láti rántí: bí omi inú irúgbìn bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ọjọ́ ayé irúgbìn náà di ìlọ́po méjì; bí ooru ibi tí a gbé e sí bá sì fi ìwọ̀n Celsius 5 dín kù, ó tún di ìlọ́po méjì. Ẹ tẹ́ irúgbìn sórí bébà nínú ìbòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ẹ má ṣe sá a sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán, kí ó má baà yan. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ kó o sínú ìgò pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀dú gbígbẹ tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, kí aṣọ ya àwọn méjèèjì nípa, kí ẹ sì dé ìgò náà pa. Ìrẹsì tí a yan tó tún tutù ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ kò nílò ẹ̀rọ. Ẹ wá ìgò gíláàsì tó gbẹ, ẹ da iyọ̀ tí ẹ ti yan gbẹ sínú rẹ̀ títí dé ìdá kan nínú mẹ́rin ìgò, ẹ da irúgbìn sí i, ẹ dé e, ẹ mì ín, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, irúgbìn náà ṣì tutù jù. Bí iyọ̀ bá ń ṣàn nísàlẹ̀ bíi yanrìn, irúgbìn ti kúrò nínú ewu èbu, a sì tún lè dá a padà sórí ẹ̀ẹ̀dú tuntun kí ó lè gbẹ sí i kí ó tó wọ fìrísà.

Àwọn ilé ìpamọ́ ńlá ń fi irúgbìn sí ibi tó tutù tó ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo. Fìrísà ilé lè dé ibẹ̀, bí iná bá wà. Iná wa kì í wà, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n irúgbìn tó gbẹ dáadáa tí a dé pa mọ́ inú ìgò kì í kú nítorí pé iná lọ fún ọjọ́ méjì; èyí tí kò gbẹ ni ó ń kú. Ohun tó ń ba tèmi jẹ́ ju àìsíná lọ ni ìkánjú. Ìgò tó ti inú fìrísà jáde gbọ́dọ̀ jókòó sórí tábìlì títí kò fi ní tutù mọ́ kí a tó ṣí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrì yóò sẹ̀ sára irúgbìn, gbogbo gbígbẹ tí a ṣe yóò sì di asán.

Kí irúgbìn tó wọlé, ẹ ka àádọ́ta, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù, kí ẹ sì ka iye tó hù. Ẹ máà bẹ̀rù bí ti ẹfinrin wẹ́wẹ́ bá yọ ohun fífà bí ọbẹ̀ ilá, bí tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe ní ọdún mélòó kan síra. Tí kò bá tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún iye àkọ́kọ́ mọ́, ìgbà ti tó láti gbìn ín kí a lè kó irúgbìn tuntun. Oyin kò mọ nọ́ńbà: bí a bá gbin EW-0037 sí ẹ̀gbẹ́ EW-0041, yóò gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ọ̀kan lọ sórí èkejì, a ó sì kórè àdàmọ̀dì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a gé tí a fi bo orí òdòdó kí ó tó là, tàbí kí a gbìn wọ́n ní ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ èyí.

Gbogbo ohun tí mo sọ lórí gbígbẹ yìí yóò pa orógbó. Roberts ni ó kọ́kọ́ pín irúgbìn sí ọ̀nà méjì ní 1973, èyí tó fẹ́ gbígbẹ àti èyí tí gbígbẹ ń pa, n kò sì tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo kó ọgọ́ta orógbó tó gbó dáadáa sínú fìrísà. Nígbà tí mo gbìn wọ́n, wọ́n jẹrà sínú ilẹ̀, ẹyọ kan kò hù. Ibi ìpamọ́ orógbó ni orí igi. A ó gbìn ín láìpẹ́ lẹ́yìn tí a bá kó o, a ó bó èèpo rẹ̀ kí ó lè tètè hù, nítorí ó lè wà nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ bí a bá gbìn ín pẹ̀lú èèpo, a ó sì fi ọmọ ìyá igi kọ̀ọ̀kan sí ojú ìlà tirẹ̀ nínú ọgbà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a fi ìṣó tẹ̀ sára pátákó páànù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni akọ àti abo orógbó máa ń wà lórí igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí olóko gé èyí tí kì í so. Koríko ọba àti jínjà náà, inú ọgbà ni tiwọn.

Mímọ ìyàtọ̀ láàárín wọn

Ojú, ọwọ́ àti imú ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbin gbogbo nọ́ńbà ẹfinrin yín sí ilẹ̀ kan náà, ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ wọn gígùn ewé mẹ́wàá lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ àwọ̀ igi rẹ̀, irun ara rẹ̀, ọjọ́ tó yọ òdòdó, àti òórùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó bá ṣì wà nígbà tí ilẹ̀ àti òjò jẹ́ ọ̀kan náà, inú ìran ni ó ti wá. Fún òórùn, ẹ fọ́ ewé sí imú ènìyàn mẹ́ta tí kò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó dà bí eré, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ tí mo bá ṣe é kì í sábà ṣì í. Yunifásítì tó bá ní ẹ̀rọ GC-MS lè wá sọ iye èròjà tó wà nínú òróró tí a sè jáde láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ti DNA, ìyẹn ohun inú ewé tó gbé àbùdá tó jogún, iṣẹ́ tiwa ni kí ewé dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ láìbàjẹ́. Ẹ gé ewé ọ̀dọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ fi sínú àpòòwé kékeré, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú sílíkà jẹ́ẹ̀lì, àwọn hóró tó ń fa omi, tó wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ó lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ bi wọ́n léèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe kí ẹ tó sanwó. Àyẹ̀wò orí rbcL àti matK, ibi méjì nínú DNA tí wọ́n yàn fún ewéko lágbàáyé ní 2009, yóò sọ bóyá ẹfinrin ńlá ni tàbí ẹfinrin wẹ́wẹ́. Kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ẹfinrin ńlá ti Ìsẹ́yìn àti ti Ìlárá. Èyí tí wọ́n ń pè ní microsatellite ni ó ń ṣe ìyẹn, òun náà ni yóò sì sọ fún wa bóyá gbogbo koríko ọba àdúgbò jẹ́ ẹyọ kan.

Ẹ̀dà kejì

Àkójọ tó wà ní ibì kan ṣoṣo kò tíì di àkójọ. Ẹ pín irúgbìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta. Ìpín kan wà lọ́dọ̀ yín. Ìpín kejì, ẹ bá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí irúgbìn àti àbùdá, NACGRAB, sọ̀rọ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, níbi tó ti wà láti 1987, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń gba irúgbìn àti ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ó bá a wá. Ìpín kẹta ni kí ó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, pẹ̀lú nọ́ńbà lára rẹ̀ àti ojú ìwé tí ẹ kọ nípa rẹ̀. Ẹ kà á sí wọn létí. Nígbà tí mo kà á fún ìyá kan tó fún mi ní ẹfinrin, ó dá mi dúró níbi tí mo ti kọ pé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ó ti wá, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, oko ọkọ òun ní odò kejì ni òun ti hú u wá lọ́dún tí òun bí àkọ́bí. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí abẹ́ ibẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.